Láíkìn àti Àrùn Jẹjẹrẹ: Ohun Tó Pa Sẹ́ẹ̀lì Nínú Abọ́ Ìwádìí Kò Tíì Di Oògùn

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa gbogbo, mo kí yín o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí láíkìn àti àrùn jẹjẹrẹ. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti gbọ́ ọ rí pé ewé orí àpáta kan wà tó ń wo jẹjẹrẹ. Kò kúkú jẹ́ ewé, kò sì tíì sí ẹ̀rí pé ó wo jẹjẹrẹ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nínú rẹ̀ pọ̀ tó èyí tí à ń jókòó sọ, òun ni mo sì bá wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Bí ẹ bá wo ara àpáta tí oòrùn àti òjò ti jọ ń nà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí èèpo igi tó ti gbó, ẹ ó rí nǹkan kan tó lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Òmíràn ní àwọ̀ eérú, òmíràn ní àwọ̀ ewé tó ti ṣì, òmíràn sì ń tàn yòò bí ọsàn tó pọ́n. Àwọn kan a máa so rọ̀ lára ẹ̀ka igi, tí atẹ́gùn á máa fẹ́ wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Láíkìn nìyẹn. Ẹ̀yà rẹ̀ tó nǹkan bí 20,000 káàkiri ayé, láti aṣálẹ̀ títí dé ilẹ̀ yìnyín.

Nígbà àtijọ́, ewéko kan ṣoṣo ni gbogbo ayé kà á sí. Ọdún 1867 ni Simon Schwendener, onímọ̀ ewéko ará Swítsálándì, sọ pé ẹ̀dá méjì ló ń gbé pọ̀ nínú rẹ̀: ọ̀kan wá láti ìdílé olú, èkejì jẹ́ alga, ìyẹn àwọn ẹ̀dá aláwọ̀ ewé kéékèèké tí a máa ń rí lójú omi. Ti ìdílé olú ló kọ́lé, tó sì ń fa omi. Alga ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ. Àwọn àgbààgbà onímọ̀ láíkìn ìgbà náà bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì fi Schwendener ṣe yẹ̀yẹ́. Lónìí, a mọ̀ pé ohun tó sọ gan-an ò tíì kún tó. Ní 2016, Toby Spribille àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìwúkàrà kan tún wà nínú awọ òde ọ̀pọ̀ láíkìn, tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ ará ilé tẹ́lẹ̀. Bakitéríà náà ń gbé níbẹ̀. Ẹ fi ti bakitéríà yìí sọ́kàn, n ó padà sí i.

Láíkìn kì í kánjú dàgbà rárá. Rhizocarpon geographicum, ọ̀kan tó máa ń tẹ́ sórí àpáta bí àwòrán ilẹ̀, kì í sábà fi tó mílímítà kan fẹ̀ sí i lọ́dún. Ẹ̀dá tó lọ́ra báyìí, tí kò lè sá, tí kò lẹ́gùn-ún, ó ní láti wá ọ̀nà mìíràn tí yóò fi gba ara rẹ̀. Èròjà ló ń pò. Ó ń po èyí tó ń dí oòrùn tó bá le jù, ó ń po èyí tó korò lẹ́nu ìgbín àti kòkòrò, ó ń po èyí tó ń lé àwọn tó bá fẹ́ bá a du ààyè. Èyí tí a ti mọ̀ nínú wọn lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ jù lọ ni a kò sì rí lára ẹ̀dá mìíràn. William Nylander, ọmọ Finland, ẹni tó wà lára àwọn tó ta ko Schwendener, ló kọ́ wa ní 1866 pé bí a bá kán blíìṣì tàbí omi pọ́táàṣì sára láíkìn, àwọ̀ tó bá yọ yóò jẹ́ ká mọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ ò rí i pé ènìyàn lè ṣì í níbì kan kó sì gbà á níbòmíràn.

Láíkìn ofeefee kan wà tó ń jẹ́ Letharia vulpina. Ní àríwá Yúróòpù nígbà àtijọ́, àwọn ènìyàn máa ń lọ̀ ọ́ mọ́ ẹran, wọ́n á sì gbé e kalẹ̀ fún ìkookò àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Èròjà inú rẹ̀ tó ń pa ẹranko náà ni vulpinic acid. Vulpinic acid yìí kan náà wà lára àwọn èròjà tí wọ́n ń dán wò lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lónìí. Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé a máa ń gbàgbé pé láíkìn kò po ohunkóhun nítorí tiwa. Ohun ìjà ló ń rọ. Àwa la wá ń wò ó bóyá a lè rí èyí tí a lè yá lò nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ń yá ohun ìjà lò gbọ́dọ̀ mọ ibi tó dojú kọ.

Ìdí tí a fi ń wá a kò ní àlàyé púpọ̀. Ní ọdún 2022 nìkan, bí mílíọ̀nù 20 ènìyàn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ lára wọn láyé, bí mílíọ̀nù 9.7 ni ó sì pa. Ara ẹ̀dá inú igbó ni a sì ti rí ọ̀pọ̀ oògùn tí à ń lò sí i. Ara òdòdó Catharanthus roseus, tó ti Madagásíkà wá, ni vincristine ti wá. Èèpo igi yew ni paclitaxel ti wá. Kò burú bí a bá yẹ ara àpáta wò pẹ̀lú.

Gbajúmọ̀ inú èròjà láíkìn ni usnic acid. Ofeefee ni. Wilhelm Knop, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní 1844. Ó pọ̀ lára Usnea, èyí tó máa ń so rọ̀ lára igi, ó sì wà lára Cladonia àti Ramalina. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó ń ṣe fún bakitéríà ni gbogbo ènìyàn ń lé. Ní 1975 ni S. Morris Kupchan àti Kopperman, ní Amẹ́ríkà, wá kọ ọ́ pé ó ń dí ìdàgbàsókè kókó jẹjẹrẹ lọ́wọ́: wọ́n fi í fún àwọn eku tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kan, ẹ̀mí àwọn eku náà sì gùn díẹ̀ sí i. Díẹ̀ ni mo wí. Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti ń ya wọlé bí omi: wọ́n dá a sí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti ìfun, ti ẹ̀jẹ̀, ó sì ń pa wọ́n.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ díẹ̀, nítorí ibí gan-an ni àwọn ìròyìn ti máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Pípa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú abọ́ kò ṣòro. Blíìṣì ń pa á. Ọṣẹ ń pa á. Iyọ̀, bó bá ti pọ̀ tó, ń pa á. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú abọ́ kò ní ẹ̀dọ̀ tí yóò gbèjà rẹ̀, kò ní kíndìnrín, kò ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò gbé oògùn dànù kó tó dé ibi tó ń lọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwádìí wá fún mi pé èròjà báyìí pa jẹjẹrẹ, ohun méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú ìwé náà. Èkíní, èròjà náà ti ní láti pọ̀ tó kí ó tó pa ìdajì sẹ́ẹ̀lì náà? Ìwọ̀n tó jẹ́ pé kò lè dé inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn láéláé kò wúlò fún wa. Èkejì, nígbà tí wọ́n da iye kan náà sí sẹ́ẹ̀lì tí kò lárùn, kí ló ṣẹlẹ̀? Yóò yà yín lẹ́nu bí ìwé tí kò dáhùn èkejì yìí ti pọ̀ tó.

Ti usnic acid, a mọ ìdáhùn èkejì, kò sì dùn mọ́ni.

Nínú sẹ́ẹ̀lì wa kọ̀ọ̀kan, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké wà tó ń jẹ́ mitokọ́ńdíríà, àwọn ló ń sọ oúnjẹ di agbára. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni pé wọ́n ń ti àwọn ohun bíńtín tó ń jẹ́ protọ́ọ̀nù jọ sẹ́yìn awọ kan. Ẹ rò ó bí odi tí wọ́n fi sé odò: omi ń kún lẹ́yìn odi, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún un láti gbà jáde, ojú yẹn ni ẹ̀rọ iná mànàmáná wà. Usnic acid ń lu odi náà ní ihò. Ó mọ bí a ti ń wọnú awọ yẹn, ó ń gbé protọ́ọ̀nù kọjá láìgba ojú ẹ̀rọ. Omi ń ṣàn dànù, ẹ̀rọ kò yí, oúnjẹ ń jóná lásán, agbára kò jáde, ooru nìkan ló kù. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dákú. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wà lára wọn. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ náà wà lára wọn.

A kò ní láti méfò nípa ẹ̀dọ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ta oògùn ìfọnra kan tó ń jẹ́ LipoKinetix, tí èròjà usnic acid wà nínú rẹ̀. Bí oúnjẹ bá ń jóná lásán, ọ̀rá yóò yọ́ lára. Ìrònú àwọn tó ṣe é nìyẹn. Ní November 2001, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn àti oúnjẹ níbẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn má lò ó mọ́, nítorí ẹ̀dọ̀ àwọn tó lò ó ti ń bàjẹ́. Àkọsílẹ̀ tún wà nípa obìnrin kan tó lo usnic acid lásán, láìsí èròjà mìíràn, tí wọ́n fi ní láti gbé ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn sí i nínú. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Láti 1933 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó fẹ́ fọn ní dinitrophenol, èròjà mìíràn tó ń lu odi kan náà ní ihò. Ojú àwọn kan fọ́, àwọn kan kú, nígbà tó sì di 1938 FDA kéde pé ewu rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ènìyàn láti jẹ. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta lẹ́yìn náà, a tún gba ọ̀nà kan náà.

Ṣé ká wá da usnic acid nù ni? Rárá. Ní Recife, ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, àwọn onímọ̀ gbìyànjú ohun mìíràn: wọ́n fi èròjà náà sínú èèpo kéékèèké kan tí ara lè yọ́, tí ojú lásán kò lè rí, kí wọ́n tó fi í fún àwọn eku tó ní kókó jẹjẹrẹ. Ní 2006 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Kókó náà sún kì ju ti àwọn eku tó gba usnic acid ìhòòhò lọ, ẹ̀dọ̀ wọn kò sì fara gbọgbẹ́ tó tàwọn yòókù. Ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Bí ohun ìjà bá mú jù, ẹ wá apó fún un. Àmọ́ ara eku la ṣì wà.

N ò ní pẹ́ lórí ti Iceland. Láíkìn kan wà níbẹ̀, Cetraria islandica, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń jẹ, tí wọ́n sì ń fi wo ikọ́ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1998, Helga Ögmundsdóttir àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Iceland fi hàn pé protolichesterinic acid tó wà nínú rẹ̀ ń dá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú dúró nínú abọ́. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Ti Jàpáánì náà kò gùn: ní 1968 ni Fukuoka, Shibata àti àwọn mìíràn fi irú ṣúgà alásopọ̀ kan tí wọ́n yọ lára láíkìn Umbilicaria fún àwọn eku, kókó ara wọn sì sún kì. Irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ pa sẹ́ẹ̀lì; àwọn ọmọ ogun ara ló ń ta jí. Ìlà ìwádìí tó yàtọ̀ pátápátá sí ti usnic acid ni, n kò sì ní dà wọ́n pọ̀ mọ́ra níbí.

Bí ẹ bá bi mí, parietin ló wù mí jù. Òun ló fún láíkìn Xanthoria parietina ní àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yẹn. Bí oòrùn bá ti ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni láíkìn náà ń po ó sí i. Agboòrùn rẹ̀ ni. Èròjà náà wà nínú gbòǹgbò ewéko rhubarb pẹ̀lú, àwọn oníkẹ́místrì a sì máa pè é ní physcion. Ọ̀nà tó gbà wọnú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ni mo fẹ́ràn. Àwọn onímọ̀ tó wà lábẹ́ Jing Chen ní Yunifásítì Emory, ní Amẹ́ríkà, kò bẹ̀rẹ̀ láti ara láíkìn. Ara jẹjẹrẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń bi ara wọn pé, sẹ́ẹ̀lì tó ń pín láìsinmi yìí, níbo ló ti ń rí ọ̀rá àti ohun tó fi ń kọ́ DNA tuntun, ìyẹn ìwé ìtọ́nisọ́nà inú sẹ́ẹ̀lì, lójoojúmọ́? Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi kan ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà tó ń mú iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yá, tó ń jẹ́ 6PGD, tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ gbára lé púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá èyí tó lè dì í lọ́wọ́ láàárín ọ̀pọ̀ èròjà, parietin sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó yọjú.

Ní 2015 ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà jáde. Parietin pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà tààrà lára àwọn aláìsàn, kò sì hàn pé ó ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí kò lárùn ní jàǹbá. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sọ èyí tí wọ́n tún ṣe náà ní S3, èyí sì dín ìdàgbàsókè jẹjẹrẹ ènìyàn tí wọ́n gbìn sára eku kù. Ẹ wo bó ti yàtọ̀ sí ti usnic acid. A mọ ilẹ̀kùn tó ń kàn, a mọ ìdí tí ilẹ̀kùn náà fi ṣe pàtàkì fún jẹjẹrẹ ju sẹ́ẹ̀lì yòókù lọ, wọ́n sì dáhùn ìbéèrè kejì tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ sọ parietin di oògùn mọ ohun tí yóò tún ṣe lára rẹ̀ àti ìdí tí yóò fi tún un ṣe. Ẹni tó ní usnic acid lọ́wọ́ ń wá apó.

Mo ní n ó padà sí bakitéríà. Ní British Columbia, ní Kánádà, àwọn onímọ̀ mú láíkìn Cladonia uncialis, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n wá gbájú mọ́ bakitéríà irú Streptomyces tó ń gbé ara rẹ̀. Ní 2005, Julian Davies, Raymond Andersen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde èròjà tí bakitéríà náà ń ṣe, wọ́n pè é ní uncialamycin. Ìdílé èròjà tí a ń pè ní enediyne ló ti wá, àwọn wọ̀nyí kò sì mọ eré: wọ́n ń wọ inú DNA lọ, wọ́n á sì gé e. Iye tí bakitéríà náà ń ṣe kéré débi pé kò tó ìwádìí í ṣe, nítorí náà K. C. Nicolaou àti àwọn tirẹ̀ kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú láàbù, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2007.

Ta ló máa wá fún aláìsàn ní ohun tó ń gé DNA? A ti ṣe é rí. Calicheamicin, tí bakitéríà inú ilẹ̀ ń ṣe, ará ilé kan náà ni. Wọ́n so ó mọ́ antibody, irú ohun tí ara fi ń dá ọ̀tá mọ̀, èyí tó mọ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan yàtọ̀, tí yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀. Mylotarg ni orúkọ rẹ̀. FDA fọwọ́ sí i ní 2000. Wọ́n kó o kúrò ní ọjà ní 2010 nítorí pé ewu rẹ̀ pọ̀ ju èrè lọ. Nígbà tó di 2017 ó padà wá, pẹ̀lú ìwọ̀n tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Oògùn kan náà ni o. Ìwọ̀n rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ń fún ló yí padà. Ọ̀nà antibody yìí náà ni àwọn tó ń bá uncialamycin ṣiṣẹ́ ń tọ̀.

Ká ní ọ̀kan nínú wọn yege lọ́la, níbo la ó ti rí i tó gbogbo ènìyàn? Ẹ rántí mílímítà kan lọ́dún. Bí a bá ní ká máa họ láíkìn kúrò lára àpáta, ọdún díẹ̀ la ó fi họ ohun tó gbà á ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Paclitaxel ti kọ́ wa: 1971 ni wọ́n tẹ bí ó ti rí jáde, 1992 ni FDA fọwọ́ sí i, nínú gbogbo àárín yẹn, bíbó èèpo igi yew ni ìṣòro, nítorí igi tí wọ́n bá bó ń kú ni. Ìgbà tí wọ́n mọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ara ewé rẹ̀, tó ń hù padà, ni ara tó rọ̀. Ti láíkìn tún le jù, torí bí ẹ bá mú ti ìdílé olú inú rẹ̀ nìkan lọ sin ín nínú abọ́, ó lè dàgbà kó má sì po èròjà tí ẹ ń wá rárá. Ní 2021, àwọn onímọ̀ kan mú jíìnì, ìyẹn apá DNA tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe, láti ara láíkìn Pseudevernia furfuracea, wọ́n fi sínú ìwúkàrà lásán, ìwúkàrà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lecanoric acid. Lecanoric acid kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n lójú tèmi ìròyìn yẹn tóbi ju ọ̀pọ̀ ìwé tó ń ka sẹ́ẹ̀lì tó kú nínú abọ́ lọ. Ìwúkàrà kì í pẹ́ dàgbà, àpáta yóò sì sinmi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ó sì kan àwọn tó ti ń mu àgbo láíkìn tàbí tí wọ́n ń ra kápúsù rẹ̀. Kò sí èròjà láíkìn kan tó ti di oògùn jẹjẹrẹ tí àjọ kankan fọwọ́ sí. Láíkìn kò ní gbòǹgbò, inú afẹ́fẹ́ àti òjò ló ti ń fa ohun tó nílò, ohunkóhun tó bá sì wà nínú afẹ́fẹ́ yóò bá a wọlé: òjé, àwọn irin olóró mìíràn, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ agbára átọ́míìkì Chernobyl bú gbàmù ní 1986, láíkìn àríwá Yúróòpù fa cesium olóró mọ́ra, àgbọ̀nrín yìnyín jẹ ẹ́, ẹran wọn kò sì ṣeé jẹ mọ́ fún àwọn Sámi tó ń sìn wọ́n. Kò sí ohun tó wà lára kápúsù tí yóò sọ fún yín ibi tí wọ́n ti họ èyí tó wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gba oògùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń tún ọ̀pọ̀ oògùn náà ṣe, tó ń lé e jáde. Bó bá tún ń mu ohun tí usnic acid wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ kan náà ló ń di ẹrù méjì lé. Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ fún dókítà yín kí ẹ tó gba oògùn tó kàn, kódà bó bá dà bíi pé yóò bínú. Ẹ mú kápúsù náà tàbí páálí rẹ̀ dání lọ, kí ó rí ohun tí wọ́n kọ sí i. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò kò pọ̀, wọ́n sì lè fà á ní ọjọ́ yẹn gan-an. Bí ẹyinjú bá di ofeefee, bí ìtọ̀ bá dúdú, bí ara bá ń yún láìnídìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Mo dákẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó na ọwọ́.